Àléébù Ọkọ̀ Òfurufú Kí Ó Tó Gbéra: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Òfin

Ẹni tí ó bá ti Òṣogbo gba ọ̀nà Ọ̀fà yóò kan Ìkìrun, yóò sì kan Ìnísà kí ó tó dé Òkukù. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀kankan nínú àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ọkọ̀ ojú irin, tí irin rẹ̀ dé Òṣogbo ní 1907 kí ó tó tẹ̀ síwájú lọ sí Ìlọrin, ni ẹ̀rọ ìrìnnà ńlá tí ó kọ́kọ́ gba àgbègbè náà kọjá. Mọ́tò ni ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, inú gáréèjì àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dá ti jáde wá. Bí ìyá oníṣòwò kan bá bi awakọ̀ léèrè ní gáréèjì Ìkìrun bóyá ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbé wọn dé Ọ̀fà, èsì tí ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ ni pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, ó ti ń gbé wa bọ̀ láti àárọ̀."

Èsì yẹn kì í ṣe irọ́. Ọkọ̀ náà ti ń gbé wọn bọ̀ láti àárọ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni ipò tí búrékì wà nísinsìnyí, ẹni tí ó yẹ táyà wò, àti ìgbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrìn àárọ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀rí fún ìrìn ọ̀sán. Lójú ọ̀nà, bí orí bá ṣe é ní rere, ohun tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò fà kò ju pé kí ọkọ̀ dákú láàrin Ìnísà àti Òkukù lọ, kí èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ibi ìbòòji dúró sí títí tí mẹkáníìkì yóò fi dé. Ọkọ̀ òfurufú kò ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lè dúró sí.

Àwọn ará ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú: àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, àwọn oníṣòwò, àwọn òbí tí ń lọ bẹ ọmọ wò lókè òkun. Láti Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ti ń gbéra. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀mí wọn níbẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ òfin náà, tàbí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi í ṣe ẹ̀kọ́, yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀rọ tí ó ní àìpé kò ṣọ̀wọ́n rárá. Wọ́n pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú, òfin kò sì fẹ́ ìtùnú.

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú apá kejì ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé méjèèjì dojú kọ. Ọ̀nà tí ó wúlò jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn elédè, kí a fún un ní ààlà, kí a tó ronú ṣíṣẹ̀dá tuntun. Ọ̀nà náà ni ó yẹ kí a tọ̀ níhìn-ín pẹ̀lú, pàápàá nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè kò ní dé inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Kí ni òfin náà wí? Àdéhùn Chicago, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1944, ni gbòǹgbò rẹ̀. Abala 31 nínú àdéhùn náà sọ pé ọkọ̀ òfurufú èyíkéyìí tí ó bá ń ná ọ̀nà láàrin orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí a ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pé ó yẹ fún fífò. Àfikún Kẹjọ sí àdéhùn náà túmọ̀ ohun tí yíyẹ yìí jẹ́, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì: kí ọkọ̀ bá àwòrán tí a fọwọ́ sí mu, kí ó sì wà ní ipò tí ó fi lè ṣiṣẹ́ láìléwu. Àfikún Kẹfà fi kún un pé ìrìn kan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí tí a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dá ọ̀gá atukọ̀ lójú pé ọkọ̀ náà yẹ fún fífò. Nàìjíríà gba ohun kan náà wọlé: Apá Kẹjọ nínú ìlànà òfurufú orílẹ̀-èdè yìí kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fò nínú ọkọ̀ tí kò yẹ, ó sì di ẹrù ìpinnu náà lé ọ̀gá atukọ̀ lórí.

Ohun tí ó wà nínú òfin yìí yé ènìyàn jù nígbà tí a bá wo ibi tí a ti rú u. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 1991, ọkọ̀ òfurufú DC-8 kan gbéra ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Saudi Arébíà. Ilé-iṣẹ́ Nationair ti Kánádà ni ó ń fò ó fún Nigeria Airways. Èrò 247 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti parí iṣẹ́ Hajj tí wọ́n ń padà sí Sókótó, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 14. Kò sí ẹni tí ó yè nínú wọn.

Ohun tí ó pa wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Olórí mẹkáníìkì ti rí i pé atẹ́gùn inú táyà kejì àti ìkẹrin kò tó iye tí ó kéré jù tí ọkọ̀ náà lè fi gbéra. Náítírójìn ni a máa ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé kì í ran iná lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ fi kún táyà wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n náítírójìn kò sí nítòsí. Ọ̀gá tí ń bójú tó ètò ìrìnnà náà kò fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Ó ní kí wọ́n pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún ìrìn. A fi táyà náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Táyà kìíní àti ìkejì jùmọ̀ wà lórí ọ̀pá kan ni. Nígbà tí ọkọ̀ ń yí lọ sí ibi tí yóò ti sáré gbéra, táyà kejì tí ó rọ̀ kò lè ru ẹrù tirẹ̀. Táyà kìíní ni ó ń bá a ru ú. Èyí tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó gbóná, agbára rẹ̀ sì dínkù. Eré ìgbéra kò tíì lọ jìnnà tí táyà kìíní fi bẹ́, ìkejì sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò yí mọ́ ni a wá ń wọ́ lórí ọ̀dà títí ó fi gbiná. Àwọn atukọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Báyìí ni rọ́bà tí ń jó ṣe wọ ikùn ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná mànàmáná àti ọ̀pá òróró ń gbà kọjá. Wọ́n gbìyànjú láti yí padà sí Jẹ́dà. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ kí ó tó dé pápá.

Onímọ̀ èdè kò lè ka ìròyìn yìí kí ó má dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì. Yorùbá a máa sọ pé táyà jò, èyíinì ni pé atẹ́gùn ń ti inú rẹ̀ jáde. A sì tún máa sọ pé táyà jó, èyíinì ni pé iná mú un. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, ohùn òkè ni ti èkejì. Mẹkáníìkì tí ó bá kọ "taya keji jo" sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ láìfi àmì sí i ti kọ ìròyìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń fẹ́ náítírójìn, ìkejì ń fẹ́ àwọn panápaná. Ní Jẹ́dà, táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ni ó di táyà tí ń jó. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara. Ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òfurufú kò gba irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lé kúrò nínú ìwé náà ni "bàjẹ́". Kò burú fún ìtàkurọ̀sọ, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkankan fún ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó mọ́ṣẹ́ jù ú lọ, àwọn amọ̀kòkò, àgbẹ̀, ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ sì ti ń lò wọ́n kí mọ́tò tó dé. Ìkòkò a máa sán. Bí ó bá pẹ́, a là. Èyí tí ó sán ṣì lè gba omi dúró fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ó là kò lè gbà á mọ́. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ẹnjiníà ń wá nígbà tí ó bá tan iná sí ara ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Okùn, wáyà àti bẹ́líìtì a máa já. Wọn kì í sán. Ọ̀pá a máa dá tàbí kí ó tẹ̀. Nọ́ọ̀tù a máa tú, ohun tí a so a máa dẹ̀, irin a máa dípẹtà, èyí tí ń fara gbo òmíràn a máa jẹ. Omi, epo àti atẹ́gùn a máa jò. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tí ó ń fẹ́ kí a yá ọ̀rọ̀ fún un. Bí olùkọ́ kan ní Òkukù tàbí Ìnísà bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kọ ìròyìn ẹ̀rọ, kí ó kó ohun tí ó já, èyí tí ó là, èyí tí ó tẹ̀ àti èyí tí ó dípẹtà síwájú wọn, kí ó sì fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá kọ "ó bàjẹ́".

Orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo àìpé wọ̀nyí ńkọ́? Àwọn kan yóò mú "àbùkù". Ọ̀rọ̀ náà ní ìtìjú nínú: ẹni tí a bá fi àbùkù kàn, a ti tàbùkù rẹ̀. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ tí a bá ní kí ó kọ àbùkù ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ yóò rò pé ọ̀gá ni òun ń bú. "Àléébù" sàn jù, nítorí pé a lè sọ nípa aṣọ, nípa pákó, àní nípa ènìyàn, pé ó ní àléébù kan láìjẹ́ pé a ti kẹ́gàn rẹ̀. Kí àléébù dúró fún ohunkóhun tí ó bá yà kúrò nínú bí a ti ṣe ọkọ̀ náà tàbí bí ó ti yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé gbogbo àléébù ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí iná tí ń tàn sí ojú ìwé èrò kan bá kú, ọkọ̀ lè gbéra. Níbí ni èdè gáréèjì ti ń kó ògbufọ̀ sínú wàhálà, nítorí pé gbólóhùn kan náà, "ó ti ń gbé wa bọ̀ láti àárọ̀", ni ó fi bo iná ìwé kíkà àti táyà tí ó rọ̀. Òfin pín wọn sí méjì, Yorùbá sì lè pín wọn sí mẹ́ta. Èyí tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra rárá ni àléébù adọ́kọ̀dúró. Èyí tí a lè gbé ìtúnṣe rẹ̀ sí ọjọ́ mìíràn ni àléébù àsúnsíwájú. Ẹ̀kẹta kò ní àyè nínú òfin, ṣùgbọ́n ó wà láyé: àléébù àfojúfò. Ọwọ́ àkọsílẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń wá láàrin àwọn méjì ìkẹyìn. Ẹni tí ó sún nǹkan síwájú ti kọ ọ́, ó ti fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó ti sọ ọjọ́ tí yóò tún un ṣe, ó sì ti lẹ àmì mọ́ ohun náà kí atukọ̀ lè rí i. Ẹni tí ó fojú fò ó kò kọ nǹkankan. Ti Jẹ́dà kì í ṣe àsúnsíwájú. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó adọ́kọ̀dúró jẹ́ àléébù adọ́kọ̀dúró tí a fojú fò.

Ìwé kan wà tí ó ń sọ ohun tí a lè sún síwájú àti ohun tí a kò lè sún. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ọkàn ògbufọ̀ ni láti pè é ní "àkójọ ohun kòṣeémánìí", nítorí pé orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nípa ohun èlò tí ó kéré jù tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní. Orúkọ náà yóò ṣi èrò ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ìwé yẹn kò to àwọn kòṣeémánìí lẹ́sẹẹsẹ. Ènìyàn yóò wá ìyẹ́ ọkọ̀ nínú rẹ̀ tì. Yóò wá ìrù rẹ̀ tì. Àwọn ohun tí ọkọ̀ lè fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni ó kọ, pẹ̀lú ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe dípò wọn. Ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ àìléwu ọkọ̀ tí kò bá sí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé kòṣeémánìí ni a kọ síbẹ̀, tí kò sì rí ìyẹ́, ó lè parí èrò sí pé ìyẹ́ kò ṣe dandan. Kí a yọ "kò" kúrò, kí a pè é ní àkójọ àṣeémánìí. Ọ̀rọ̀ náà lè kọ́kọ́ ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ nípa ìwé náà.

Iye ọjọ́ tí a lè fi sún àléébù síwájú tún mú ọ̀fìn kan wá. Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀ka mẹ́rin ni ó wà. Ẹ̀ka B ní ọjọ́ 3, ẹ̀ka C ní ọjọ́ 10, ẹ̀ka D ní ọjọ́ 120. Ti ẹ̀ka A ni iye tí a bá kọ síwájú ohun náà gan-an. A kì í ka ọjọ́ tí a kọ àléébù sílẹ̀ mọ́ ọn. Yorùbá ní tirẹ̀ a máa ka ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀: ọjà ọrọọrún tí a ná lónìí, ọjọ́ karùn-ún òní ni a ó tún ná an, òní sì jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún náà. Bí a bá kọ àléébù ẹ̀ka B sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tí ògbufọ̀ sì kọ "kí a tún un ṣe ní ọjọ́ kẹta", ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò ka Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Òfin ń sọ òpin Ọjọ́bọ̀. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ó yá ju bí òfin ti fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá túmọ̀ láti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe náà yóò fi ọjọ́ kan kún un. Kí a kọ ọ́ báyìí: ọjọ́ 3 gbáko, láìka ọjọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó le jù, èyí tí gbogbo òfin náà rọ̀ mọ́: ipò ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó fò. "Ìlera ọkọ̀" dùn létí, ó sì bá àwọn tí ń sọ pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn lára mu, ṣùgbọ́n ara líle kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba. "Ìtófò" kúrú, ó sì ní ìpìlẹ̀ rere nínú bí a ti ń sọ pé ọmọ tó ilé ìwé í lọ. Àmọ́ "òfò" ni etí yóò gbọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ wọ ọkọ̀ tí a lẹ ìwé ẹ̀rí òfò mọ́ lára. "Ìkúnjú-òṣùwọ̀n" ti inú ọjà wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi kọ́ńgò wọn gàrí. Ó sì bá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ìtumọ̀ Àfikún Kẹjọ mu gẹ́lẹ́, èyíinì ni pé kí ọkọ̀ bá àwòrán tí a fọwọ́ sí mu. Ibi tí ó kù sí ni ẹsẹ̀ kejì. Gàrí tí ó ti bu náà lè kún kọ́ńgò. Ọkọ̀ lè bá àwòrán mu nígbà tí a fún un ní ìwé ẹ̀rí, kí ó má sì yẹ ní òwúrọ̀ òní.

Ó dàbí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù méjì lé ọ̀rọ̀ kan lórí, Yorùbá kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ dandan. Kí ìwé tí ìjọba ń fún ọkọ̀ jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìkúnjú-òṣùwọ̀n. Kí ipò rẹ̀ ní wákàtí ìgbéra jẹ́ ìyẹ fún fífò. Nígbà náà ni a ó lè sọ gbólóhùn tí àwọn èrò nílò jù lọ, pé ọkọ̀ kan kúnjú òṣùwọ̀n ṣùgbọ́n kò yẹ fún fífò lónìí. Ìkìlọ̀ kan wà lórí èyí pẹ̀lú: "ìyẹ" yìí kì í ṣe "ìyẹ́" tí ẹyẹ fi ń fò, ọkọ̀ òfurufú sì ní méjèèjì. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i yóò kọ̀wé nípa ọ̀kan, a ó sì ka èkejì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, tí kò sí ẹni tí ó máa ń fiyè sí i nínú ìwé ẹ̀rọ. Bí a bá bi ènìyàn pé, "Táyà tí ẹ wí lánàá ńkọ́?" èsì rẹ̀ ni, "Wọ́n ti tún un ṣe." Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rárá. Ìwúlò rẹ̀ nínú àwùjọ kò kéré, nítorí pé ó ń jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ láìna ìka sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí òfin ìtúnṣe ń béèrè ni kí a na ìka: orúkọ, ìfọwọ́sí, nọ́ńbà ìwé àṣẹ, ọjọ́. Láìsí ìwọ̀nyí, ọkọ̀ tí a tún ṣe kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, kí "wọ́n" má ṣe oníṣe iṣẹ́ kankan.

Ọ̀wọ̀ fún àgbà kàn án ní ọ̀nà mìíràn. Ọmọdé kì í sọ fún ọ̀gá pé "ẹ má lọ", ó máa ń béèrè ni, "Ṣé kí á máa lọ báyìí, sà?" Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, 2013, ọkọ̀ kékeré ilé-iṣẹ́ Associated Aviation gbéra ní Èkó, ó ń gbé òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀ rí, lọ sí Àkúrẹ́. Bí ọkọ̀ ti ń sáré ìgbéra ni ohùn ìkìlọ̀ ti ń dún nínú yàrá atukọ̀. Igbákejì atukọ̀ béèrè bóyá kí wọ́n dá ìgbéra náà dúró. Ọ̀gá atukọ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ nítòsí pápá, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yàrá atukọ̀, a kò sì lè di ẹ̀bi ìbéèrè yẹn ru èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹlẹ́rọ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ní gbólóhùn tí kì í ṣe ìbéèrè tí kì í sì í ṣe àfojúdi. Kí ohun èlò jẹ́ olùwà gbólóhùn, kí ọ̀gá má sí nínú rẹ̀: "Táyà kejì ń jò. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó òṣùwọ̀n. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbéra." Ọmọdé lè sọ èyí níwájú àgbà láìdọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò gbọdọ̀" tí ó wà níbẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ òfin. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ máa ń fi "kò yẹ kí" rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó rọ̀ lẹ́nu. "Kò yẹ" ń fi ẹni sílẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu rẹ̀. "Kò gbọdọ̀" ti pinnu. Ibi tí "kò yẹ" ti bójú mu ni inú ìròyìn ìwádìí, lẹ́yìn tí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, tí ẹni tí ń kọ̀wé sì ń dájọ́ ìwà dípò kí ó máa pàṣẹ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìròyìn ìjàǹbá Bellview. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, 2005, ọkọ̀ Boeing 737 ilé-iṣẹ́ náà gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Àbújá. Ó já sí abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, gbogbo ènìyàn 117 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìròyìn ìkẹyìn ti àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà jáde ní 2013. Àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí tí ó tó láti fi sọ ohun pàtó tí ó fa ìjàǹbá náà. A kò rí àpótí tí ń gba ohùn àti ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà ní àléébù, pé ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò tọ́jú rẹ̀ bí òfin ti wí, àti pé àbójútó ìjọba lórí ilé-iṣẹ́ náà kò tó. Lórí ìgbéra rẹ̀, gbólóhùn kan ni wọ́n kọ, a sì lè túmọ̀ rẹ̀ báyìí: kò yẹ kí a ti jẹ́ kí ọkọ̀ náà gbéra fún ìrìn tí ó ti jàǹbá, tàbí fún àwọn ìrìn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá ń kánjú lè kọ "ìrìn tí ó ṣáájú rẹ̀" láìfi "àwọn" sí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrìn kan péré ni òǹkàwé yóò rí, bẹ́ẹ̀ àwọn olùwádìí kò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni.